Kí Àlejò Má Di Ẹrù: Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Tó Ń Lọ sí Ìgbéyàwó Abúlé Nígbà Ooru

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjòókòó, mo yíká òtún, mo yíká òsì fún yín. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí yín o. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìdúró. Ayọ̀ la ó máa bá ara wa ṣe.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbéyàwó tí wọ́n ń ṣe ní abúlé nígbà ooru. Mi ò bá ọkọ sọ̀rọ̀ lónìí, mi ò sì bá ìyàwó sọ̀rọ̀. Àlejò ni mo bá wá.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí bàtà yín bá já níbi ìgbéyàwó nínú ìlú ńlá, kí lẹ máa ṣe? Ẹ ó sọdá títì, ẹ ó ra òmíràn. Bí orí bá ń fọ́ yín ńkọ́? Ilé olóògùn ò jìnnà. Bí ọkọ̀ bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́? Ẹ ó pe takisí. Ó dáa. Nínú pápá kan tó jìnnà sí títì ọlọ́dà, ta lẹ máa ké pè? Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ìyá ọkọ ni. Ẹni tó yẹ kó jókòó kó máa wo ọmọ rẹ̀ lójú ayọ̀, òun ló máa dìde lọ wá oògùn orí fífọ́ fún yín.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyẹn. Níbi ìgbéyàwó abúlé, kò sí ọwọ́ tó dilẹ̀. Gbogbo ohun tí àlejò bá gbàgbé sílé, ara ẹbí ló ti máa yọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ, orí rẹ̀ ló dúró lé.

Kí ẹ tó kúrò nílé

Ẹ fèsì ìwé ìpè. Mo tún un sọ: ẹ fèsì ìwé ìpè. Ní abúlé, àga, àtíbàbà, oúnjẹ, omi, títí kan ilé ìgbẹ́ alágbèéká, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń kó gbogbo rẹ̀ wá láti ibòmíràn, iye orí tí wọ́n kà ni wọ́n sì fi ń kó o. Ẹni tí kò fèsì tó sì yọjú, àga ẹlòmíràn ló jókòó lé. Ẹni tó ní òun ń bọ̀ tí kò sì wá, oúnjẹ rẹ̀ ti ṣòfò. Bí ọmọ bá wà lọ́wọ́ yín tí ìwé ìpè kò sì dárúkọ ọmọ, ẹ béèrè ṣáájú. Ẹ má ṣe gbé ọmọ débẹ̀ kí wọ́n tó máa sáré wá ibi tí wọ́n máa gbé e sí.

Ọ̀ràn ibi tí ẹ máa sùn, ẹ má fi falẹ̀. Ilé ìtura kì í pọ̀ ní ìgbèríko, ìgbéyàwó kan ṣoṣo lè gba gbogbo yàrá tó wà ní agbègbè náà. Ọ̀sẹ̀ tí ìwé ìpè bá tẹ̀ yín lọ́wọ́ ni kí ẹ ti wá yàrá. Ilé àwọn òbí ìyàwó ti kún. Ẹ má retí pé wọ́n á tẹ́ ẹní fún yín.

Ọ̀nà wá ńkọ́? Àwọn àgbà ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ojú tí à ń fi ríran nísinsìnyí ni fóònù. Àmọ́ ní ìgbèríko, àdírẹ́sì kan lè kó ilẹ̀ tó gbòòrò sínú, kí máàpù sì gbé yín lọ sí àárín oko olóko. Mo mọ tọkọtaya kan tí wọ́n tẹ̀lé fóònù títí ọ̀nà fi tán létí odò. Òdìkejì odò yẹn ni ìgbéyàwó ti ń lọ. Wọ́n ń gbọ́ orin, wọ́n ń rí orí àtíbàbà, kò sì sí afárá. Kí wọ́n tó rọ́nà yí padà, ọkọ àti ìyàwó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ tán. Wọ́n ti rin ìrìn àjò látàárọ̀ nítorí ẹ̀jẹ́ yẹn, wọn ò sì fojú rí i.

Kí ni wọn ì bá ti ṣe? Kí wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ onínàáwó pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ibo gan-an la máa yà sí? Kí la máa kọ́kọ́ rí?” Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe inú fóònù nìkan. Kí wọ́n sì ti fi íntánẹ́ẹ̀tì ilé wọn gba máàpù agbègbè náà sórí fóònù. Google Maps gbà á láyè, á sì máa ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ò bá sí. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí: níbi tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá ti ṣòro, fóònù á máa wá a kiri láìsinmi, bátìrì á sì tètè tán. Ẹ fi ṣáàjì kún un dáadáa kí ẹ tó gbéra. Ẹ rọ epo kún ọkọ̀ nílùú tó bá kẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ẹ mú owó sílẹ̀ díẹ̀ dání, torí ẹ̀rọ tó ń gba káàdì kì í sí níbi gbogbo.

Ẹ̀bùn, ẹ fi ránṣẹ́ sílé wọn ṣáájú tàbí lẹ́yìn. Ẹ̀bùn ńlá nínú pápá, ẹnì kan ló máa ṣọ́ ọ, ẹnì kan ló máa gbé e lóru.

Aṣọ àti bàtà

Ẹ wo ìwé ìpè dáadáa. Bí wọ́n bá sọ irú aṣọ tí wọ́n fẹ́, ẹ tẹ̀lé e. Bí wọn ò bá sọ ọ́, aṣọ òwú tàbí aṣọ ọ̀gbọ̀ tó fẹ̀ díẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dúdú, ló dáa jù. Afẹ́fẹ́ á lè gbà á kọjá, á sì fa òógùn. Aṣọ oníke tó dì mọ́ra máa ń há ooru mọ́ èèyàn lára. Ẹ mú ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ lè dà bora lálẹ́, nítorí pápá tó gbóná lọ́sàn-án lè tutù nini lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀.

Bàtà ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ẹ̀yin obìnrin wa, mo mọ̀ pé bàtà gogoro máa ń fa ẹwà yọ. Ṣùgbọ́n koríko kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Gìgísẹ̀ tín-ín-rín á rì sínú ilẹ̀ rírọ̀, ẹsẹ̀ á yẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á sì rọ́. Gìgísẹ̀ tó fẹ̀ tàbí bàtà pẹlẹbẹ tó dára ni kí ẹ wọ̀. Bí ọkàn yín ò bá gbà, ẹ fi ti gogoro ya fọ́tò, kí ẹ sì ní òmíràn nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, bàtà tuntun tí abẹ́ rẹ̀ ń yọ̀ kò dáa lórí koríko tí ìrì sẹ̀ sí. Ẹni tó bá ń fi ọ̀pá rìn, tàbí tí orúnkún ń dùn, kó ránṣẹ́ sí ẹbí ṣáájú kí wọ́n lè fi í síbi tí ọkọ̀ lè dé. Ìtìjú ò sí nínú ìyẹn rárá. Ohun tó máa ń kó ẹbí sí wàhálà ni kí wọ́n máa gbé bàbá kan kọjá nínú pápá nígbà tí ìyàwó ti ń bọ̀.

Ooru

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbí, nítorí ibí ni ẹ̀mí wà.

Níbi ìgbéyàwó kan tí mo lọ, wọ́n bọ̀wọ̀ fún bàbá àgbà kan, wọ́n fi í síjòókòó iwájú. Ó wọ kóòtù dúdú tó nípọn, oòrùn sì kọjú sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ká tó parí ìsìn, bàbá ti ń dáhùn ìbéèrè tẹ́nikẹ́ni ò bi í. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ayọ̀ ló ń pa bàbá bí ọtí. Ọmọbìnrin kékeré kan ló sọ pé, “Bàbá ò tíì mu omi látàárọ̀.” Ìgbà yẹn lojú gbogbo wa là. A gbé bàbá lọ sábẹ́ igi, a bọ́ kóòtù, a da omi sí i lára, a ń fẹ́ ẹ. Ọpẹ́ ni pé orí rẹ̀ padà wálé.

Kí lẹ rí nínú ìtàn yìí? Èmi rí i pé ooru kì í pariwo. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orí fífọ́, òyì, èébì, òógùn tó pọ̀, iṣan tó ń sún kì. Tí ẹ bá rí ìwọ̀nyí lára ẹnikẹ́ni, ẹ mú un lọ síbi òjìji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, tó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí tó dákú, ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ìsinmi. Ooru ara rẹ̀ lè ti dé ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n 37 ni ara ń gbé lọ́jọ́ gbogbo. Ẹ pe àwọn olùgbàlà pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa da omi tútù sí i lára kí wọ́n tó dé. Ẹ má rọ omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Ní ìgbèríko, ọkọ̀ àǹbúláǹsì lè pẹ́ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ kọ àpèjúwe ọ̀nà sínú ìwé. Òun lẹ máa kà fún wọn lórí fóònù.

Omi ò lọ́tàá. Ẹ gbé ike omi tiyín dání, ẹ má dúró kí òùngbẹ tó gbẹ yín. Ọtí kì í ṣe omi. Ńṣe ló ń mú kí èèyàn máa tọ̀ léraléra, kí ara sì gbẹ sí i. Ẹni tó bá mu ife ọtí kan, kó fi ife omi kan tẹ̀ lé e. Ẹ fi ìpara tó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ oòrùn pa ojú, etí àti ọrùn, èyí tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára, kí ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì, torí òógùn á fọ̀ ọ́ dànù. Àkẹtẹ̀ dáa, agbòòrùn náà dáa, ṣùgbọ́n ẹ pa á dé nígbà tí ìsìn bá ń lọ kí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè rí ìyàwó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú èèyàn tọ̀, ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó lọ jókòó sínú oòrùn, nítorí ó lè mú kí ooru tètè dá yín lágara. Ẹ má fi oògùn àtọ̀gbẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ooru máa ń bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ gbọ́ eléyìí. Ọmọ kì í sùn nínú ọkọ̀ tí a tì. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé, “Iṣẹ́jú díẹ̀ ni.” Láàárín iṣẹ́jú 10 péré, ooru inú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn lè fi nǹkan bí ìwọ̀n 11 Celsius lé sí i, bẹ́ẹ̀ ara ọmọdé sì yára gbóná ju ti àgbà lọ fíìfíì. Wíńdò tí ẹ ṣí díẹ̀ kò tu nǹkan kan lójú. Bó ṣe rí fún ajá náà nìyẹn. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, abẹ́ òjìji ni kó wà, ọmú ni kí ẹ máa fún un léraléra, kì í ṣe omi. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹ bá sì rí ọmọ ọlọ́mọ nínú ọkọ̀ tí a tì, ẹ má kọjá lọ.

Ilẹ̀ yẹn, ó lẹ́ni tó ni ín

Pápá tó dùn ún wò yẹn, iṣẹ́ ẹnì kan ni. Géètì tí ẹ bá bá ní títì, ẹ tì í padà. Èyí tí ẹ bá bá ní ṣíṣí, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹran tó bá jáde gba géètì kan tí a gbàgbé lè kú sójú títì, kí ó sì pa awakọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Ẹ má rìn wọ inú irúgbìn torí fọ́tò. Ẹ má fún ẹran ní oúnjẹ. Màlúù tó ní ọmọ lẹ́yìn kò mọ eré, ẹ má gba àárín òun àti ọmọ rẹ̀ kọjá.

Iná ńkọ́? Nígbà ooru, koríko gbígbẹ ò nílò nǹkan púpọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ tó ti rìn jìnnà, níbi tí èéfín ń gbà jáde, máa ń gbóná tó ohun tó lè dá iná sí koríko gíga. Nítorí náà, ibi tí wọ́n bá ní kí ẹ gbọ́kọ̀ sí, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ má yà sínú koríko tó ga dé abẹ́ ọkọ̀ nítorí pé òjìji wà níbẹ̀. Ẹ má ju ìdí sìgá sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì mú fìtílà oníwèé tó ń fò lójú ọ̀run wá láti dá àwọn tọkọtaya lọ́lá, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iná ni, ẹ ò sì mọ orí aká ta ni yóò bà lé.

Kòkòrò pọ̀, mi ò ní ka gbogbo rẹ̀. Eégbọn ló ń dùn mí jù, torí àwọn èèyàn ò mọ̀ pé ó lè kó àrùn ranni. Tí ẹ bá délé, ẹ yẹ ara wò: abíyá, ẹ̀yìn orúnkún, ìdí irun, ara ọmọdé pàápàá. Tí ẹ bá rí i, ẹ má fi iná jó o, ẹ má fi epo pa á. Ẹ fi ẹ̀mú kékeré mú un mọ́ ibi tó sún mọ́ awọ ara jù lọ, ẹ fà á jáde tààrà láìlọ́ ọ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Tí ibẹ̀ bá wá pọ́n tó ń fẹ̀, tàbí tí ibà dé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ rí dókítà. Oyin tó bá ta yín máa ń fi ẹ̀gún tó fi ta yín sílẹ̀ sínú ara. Ẹ yọ ọ́ kíákíá. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá oyin mu, kó mú abẹ́rẹ́ pàjáwìrì tí dókítà kọ fún un dání, kó sì fi han ẹni tó jókòó tì í.

Òjò àti àrá

Eji ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹ mú agbòòrùn àti aṣọ òjò dání, kí ẹ má sì ráhùn létí ìgbọ́ ìyàwó.

Ti àrá yàtọ̀. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ariwo àrá, mànàmáná ti sún mọ́ yín tó láti ṣe yín níbi. Àtíbàbà kì í gbani lọ́wọ́ rẹ̀, irin ló dì í mú. Abẹ́ igi náà léwu. Ibo la wá máa sá sí? Inú ilé gidi tó ní ògiri àti òrùlé, tàbí inú ọkọ̀ tí irin bò lórí, kí a ti wíńdò rẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ títí iṣẹ́jú 30 á fi pé lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn. Kí ojú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú fa ẹsẹ̀ yín sẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá kọ́kọ́ dìde, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e.

Oúnjẹ àti ilé ìgbẹ́

Oúnjẹ tó ti kúrò lórí iná tàbí nínú yìnyín, wákàtí méjì ló ní. Bí ooru bá kọjá ìwọ̀n 32 Celsius, wákàtí kan péré ni. Ẹ jẹun nígbà tí wọ́n bá gbé e wá, ẹ má di èyí tó ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sán lọ sílé. Ilé ìgbẹ́ alágbèéká ò gba aṣọ ìnura, kò gba ìlédìí ọmọ. Bí ó bá dí, ẹbí ló máa tú u. Omi kànga sì lè tán, nítorí náà ẹ má ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀.

Alẹ́ àti ìpadà sílé

Kí ẹ tó wọlé síbi àríyá ni kí ẹ ti mọ ẹni tó máa wakọ̀ padà, kí ẹni náà má sì fẹnu kan ọtí. Takisí kì í wọ́pọ̀ ní ìgbèríko lóru. Ẹ bá awakọ̀ rẹ̀ ṣàdéhùn ṣáájú, tàbí kí ẹ bá bọ́ọ̀sì tí onínàáwó pèsè lọ ní wákàtí tí wọ́n dá. Ọ̀nà abúlé tóóró, kò ní iná, ẹranko sì máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Bí ẹran kan bá sọdá, ẹ rọra, òmíràn lè wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání láti rìn dé ibi tí ọkọ̀ wà, torí fóònù yín lè ti kú nígbà yẹn.

Ẹ dá orin dúró nígbà tí wọ́n bá ní kó dúró. Àwọn aládùúgbò ní ẹran tí wọ́n máa bójú tó ní ìdájí, ẹbí ìyàwó ló sì máa gbọ́ ẹjọ́ wọn lọ́jọ́ kejì, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ ṣa ike àti bébà tí ẹ lò. Bí ara bá lè gbé e, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹbí pé, “Kí ni ẹ fẹ́ ká gbé?” Kí ẹ sì gbé e lóòótọ́.

Tí ẹ bá ti délé, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ lọ pé ẹ ti dé. Ẹ má pe ìyá ìyàwó lóru, ẹ má pè é ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì. Ẹ dúró di ọ̀sán, kí ẹ tó kí i kú ìnáwó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, àyè wà.